Ọdún Tí A Fi Sìmẹ́ǹtì Dé Ṣímínì

Ẹyẹlé ló máa ń jí wa nílé wa, kì í ṣe aago. Inú ṣímínì, ihò bíríkì tó gba ẹ̀yìn ògiri pálọ̀ lọ dé orí òrùlé, ni wọ́n ti ń kùn láàárọ̀, ohùn wọn á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí iná gáàsì tí a fi ń mú ilé móoru bí ìgbà tí àgbàlagbà méjì bá ń sọ̀rọ̀ ogún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilé náà kò jìnnà sí pápá Parsloes ní London, ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì tó jọ ara wọn débi pé bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílé lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń ti ìdí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì bọ̀. Ó ti ra ilé náà lọ́wọ́ kánsù, ìjọba àdúgbò, ó sì ń fi yangàn, àfi ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò kọ̀wé sí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí lórí fóònù pé bíríkì kan já bọ́ láti orí ṣímínì, kí n bá òun wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n o," ó tún un sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Beam Park ni èmi ń gbé báyìí, nínú ilé tuntun tí kò ní ṣímínì rárá, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa gba inú ṣímínì kán tó, tó, sórí irin iná gáàsì, dúdú rẹ̀ á sì ṣàn sára ògiri tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Nílé tiwa, a kì í gbé iṣẹ́ fún àjèjì. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà East Street ní Barking, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ẹni tirẹ̀: ẹni tó ń gẹrun wà, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe wà, Bùròdá Láńre ló sì ni ti ilé. Bíríkìlà gidi ni. Ó ti kọ́lé káàkiri Abẹ́òkúta kó tó dé London. Ó gun àkàbà lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó yọjú wo orí ṣímínì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n, ihò ni wọ́n dá sórí ilé o! Gbangba báyìí, ojú ọ̀run ló ń wò." Dádì náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òyìnbó kọ́lé tán, ó gbàgbé láti dé e. Bùròdá Láńre po sìmẹ́ǹtì, ó ki irin sí i nínú, ó fi dé ihò náà pa. Òjò kò wọlé mọ́, ẹyẹlé kó ẹrù wọn lọ, Mọ́mì din dòdò àti ẹyin fún un, Dádì sì jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ní irú ihò yẹn lórí. Ojoojúmọ́ là ń rí wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ pé ṣé gbogbo wọn náà ló gbàgbé ni. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran.

Nígbà tí ewé igi pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni Màámá dé, ìyá tó bí Dádì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí Tọ́lá ló ṣe wá, àbúrò mi ọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ oṣù méje. Gààrí wà nínú àpótí rẹ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wà níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ sì wà lókè gbogbo rẹ̀. Ìgbálẹ̀ yẹn ló rọ́pò ẹyẹlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ó ti máa gbọ́ ṣáà, ṣáà, ṣáà níwájú ilé. Kò mọ ibi tí ojú ilé wa parí sí, tàbí kó mọ̀, kó má kà á sí. Àfi bó bá gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Dórìsì, òyìnbó arúgbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Dórìsì jáde wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ló ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó gbé bísíkíìtì fún un. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn láìgbọ́ èdè ara wọn. Lọ́sàn-án, Màámá á rin ewùrà tí Dádì bá rà bọ̀ láti Barking, a ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, á sì máa fi ohùn Ìjẹ̀bú rẹ̀ kọrin fún Tọ́lá lórí itan rẹ̀. Èmi àti òun la jọ ń sùn lórí ibùsùn kan, tí òórùn òrí tó ń fi para á gba gbogbo yàrá. Ohun kan ṣoṣo tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni òtútù. Dádì, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ìyá rẹ̀, pàṣẹ pé kí a má ṣe pa iná gáàsì pálọ̀ mọ́ láti ìdájí títí Màámá yóò fi lọ sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà wọlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wa. Tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo jókòó sídìí iná láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Á máa lù mí kì, kì, ní ẹ̀bátí. Mọ́mì, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti àárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́ láìjókòó, bó bá ti dé ilé báyìí, á máa bì, á ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́. Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni Tọ́lá. Ọmọ tó máa ń ta gbogbo ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ nípàá wá ń sùn ṣáá. Bí a bá jí i, á wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, á sì padà sùn. Dókítà ní àìsàn òtútù ni, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe. Ohun tó wá da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé bí a bá ti dé ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ara wa á yá. Kí a tó kọ orin kejì, orí mi á ti fúyẹ́, Tọ́lá á sì ti máa fa sùtánà funfun Mọ́mì ya. Wòlíì wa ní ohun kan wà nínú ilé yẹn tó ń bá wa jà. Bí mo bá rò ó lónìí, kò purọ́. Ó ní kí a fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà nínú pálọ̀. A tan àbẹ́là méje, a sun tùràrí, a ti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà pa àbẹ́là, a sì jẹ́ kí iná gáàsì máa jó nítorí Màámá. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí a ṣe jáde láàyè nínú àdúrà yẹn.

Àńtí Ṣadé, ọ̀rẹ́ Mọ́mì nínú ìjọ, ló kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Òun àti Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnì, èmi ń fọ abọ́, wọ́n sì rò pé Yorùbá mi kò tó ohun tí mo fi lè gbọ́ wọn.

"Ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?" Àńtí Ṣadé bi í.

"Around half-term," Mọ́mì dáhùn, ìyẹn ìgbà ìsinmi àárín sáà ilé ìwé.

"Ìgbà wo ni màmá ọkọ ẹ dé?"

Mọ́mì tẹjú mọ́ abọ́. Ó ń fi ìka ti ẹ̀wà sọ́tùn-ún sósì.

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Gbogbo yín lorí ń fọ́, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ìdájí ló ń jí gbálẹ̀, ara ẹ̀ le koko. Just think about it."

Láti ọjọ́ náà, Mọ́mì kò gbé Tọ́lá fún Màámá mọ́. Bí Màámá bá na ọwọ́, Mọ́mì á ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́, Màámá, ẹ jẹ́ kó sùn," á sì gbé ọmọ gòkè. Obìnrin tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá gbé ọmọ wá ń jókòó pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo lórí itan. Èmi náà kò dára jù wọ́n lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ògiri lórí ibùsùn wa, mo ń kẹ̀yìn sí i, mo sì ń dí imú mi sí òórùn òrí tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ara mi máa ń tì mí. Dádì kò sọ pé òun gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n ó lọ yí ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ padà. Ó sọ fún un pé òtútù yìí ti pọ̀ jù fún un, pé Sátidé ni yóò padà sílé. Màámá ní, "Ó dáa." Ó gòkè lọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ kó sínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi àti Màámá ń ká aṣọ lẹ́yìn ilé. Mọ́mì ti di orí mú, ó ń sùn lókè. Tọ́lá wà lórí àga ní pálọ̀, òun náà ń sùn. Dórìsì yọjú lókè ọgbà, ó nawọ́ sí òrùlé wa, ó ní kí n bá òun bi ìyá mi àgbà: kí ni wọ́n fi dé ṣímínì wa? Ṣé a kì í tan iná gáàsì yẹn mọ́ ni? Mo túmọ̀ rẹ̀. Màámá gbójú sókè, ó wo òrùlé náà pẹ́, ó sì fi oríkì mi pè mí.

"Àṣàbí, bi í. Ṣé ibi tí èéfín ń gbà jáde ni ihò yẹn?"

Mo bi Dórìsì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló tún lè jẹ́.

Màámá ju aṣọ sílẹ̀ lórí koríko. Ẹni tó ti fi igi dáná ju àádọ́ta ọdún lọ kò nílò àlàyé lórí èéfín tí kò rọ́nà lọ. Ó wọ pálọ̀, ó pa iná, ó ṣí fèrèsé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ìborùn ara rẹ̀ wé Tọ́lá, ó sì gbé e jáde sínú òtútù láìwọ bàtà. Orí ọmọ náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ti ọmọlangidi. Ariwo fèrèsé ló jí Mọ́mì. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ mi sílẹ̀! Màámá, mo ní ẹ gbé ọmọ mi sílẹ̀!"

Mi ò gbọ́ kí Mọ́mì fi irú ohùn yẹn bá àgbà sọ̀rọ̀ rí.  Màámá dúró lórí koríko tútù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà lójú, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀, títí Tọ́lá fi la ẹnu, tó fi igbe ta. A kò tíì gbọ́ igbe gidi lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ́mì já a gbà, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, Tọ́lá ti ń rẹ́rìn-ín, dókítà kò sì rí nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́, Dádì bọ́ sínú ilé tó tutù bí inú fíríìjì. Ó béèrè ẹni tó pa iná.

"Èmi ni," Màámá ní. "Ẹ dí ọ̀nà èéfín, ẹ wá ń wá ẹni tó ń ṣe yín. Ṣé ẹ rò pé etí mi di ni?"

Dádì wo ilẹ̀. "Màámá, iná gáàsì kì í ní èéfín. Ṣé ẹ rí èéfín kankan níbẹ̀ ni?"

"Ìwọ rí atẹ́gùn rí?" Ó fa ìborùn mọ́ra. "Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Kí n tó lọ ní Sátidé, pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá wò ó."

"Ó dáa, màá pe Láńre."

"Ilé Abẹ́òkúta ni Láńre mọ̀. Ẹni tó mọ ilé àwọn ará ibí ni mo wí."

Dádì gbà, kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀ kó tó lọ. Dórìsì ló júwe Kẹ́n fún wa, ọkùnrin tó ń gbé ní òpópónà kejì, tó ti ń gbá ṣímínì agbègbè wa tó sì ń tún un ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló ní òun yóò wá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, a kò tan iná, a ń wọ kóòtù jẹun, orí sì dẹ́kun àtifọ́ wa. Àńtí Ṣadé ní a ò rí i bí, ẹrù tí a ti dì sẹ́nu ọ̀nà ló fà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní inú ń run mí, mi ò lọ sílé ìwé, irọ́ ni. Bùròdá Láńre ti dé ṣáájú Kẹ́n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó sì fajú ro pé wọ́n lọ pe àjèjì sórí iṣẹ́ òun. Kẹ́n kúrú, ó dé fìlà pẹlẹbẹ, èédú ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi tí ọṣẹ kò lè dé mọ́. Ó rí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ tó lu níwájú wọ pálọ̀. Kò gun orí ilé. Ó kọ́kọ́ béèrè bí ara wa ti rí. Lẹ́yìn náà ló mú ohun funfun kan tó tó hóró oògùn ńlá láti inú àpò, ó ṣáná sí i, ó sì gbé e sínú ihò ìdí ṣímínì.

Èéfín funfun rú jáde lára rẹ̀. Ó gòkè lọ dáadáa, ó wọ inú ṣímínì, gbogbo wa ń wò ó. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó sì yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó fẹsẹ̀ gbálẹ̀ jáde wá bá wa ní pálọ̀, ó gba ara kọ́tìnì Mọ́mì kọjá, ó gba orí àga tí Tọ́lá máa ń sùn sí kọjá.  Kẹ́n lọ ṣí fèrèsé, ó rọra ṣàlàyé fún Dádì pé èéfín tí a rí yìí, torí kí a lè rí i ni òun ṣe tàn án. Iná gáàsì náà ní tirẹ̀, ojú kì í rí i, imú kì í sì í gbọ́ òórùn rẹ̀, ibi tí èyí gbà wọlé yìí náà ni ìyẹn sì ti ń gbà wọlé wá bá wa láti ọjọ́ yìí. Ó ní bó bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọmọ kékeré yẹn ni ì bá kọ́kọ́ lọ. Ó wá béèrè ẹni tó pa iná náà. Mo tọ́ka sí Màámá.

"Tell her she's saved the lot of you," ó ní.

Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Màámá, ó ní ẹ̀yin lẹ," ẹkún sì gbé ìyókù lọ.

Inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ pé ikú wà nínú ògiri ilé òun kí ara rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ògiri ló ń ṣe wá, kì í ṣe ìyá mi àgbà. Dádì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọdé. Bùròdá Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó mọ́, ó ní kí Màámá dárí ji òun, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdílé kan run.

"Dìde," Màámá ní. "Òjò ni wọ́n ní kí o dá dúró, o sì dá a dúró."

Gbogbo òwúrọ̀ ni Kẹ́n fi fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Ó ń ké láti orí ilé pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí, pé èyí le tó láti fi gbé afárá. Nígbà tó tún wí i lẹ́ẹ̀kẹta, Bùròdá Láńre rẹ́rìn-ín láàárín omijé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì gun àkàbà lọ bá a. Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì wà lókè níbẹ̀, Kẹ́n ń fi ọwọ́ júwe, Láńre ń po yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì dé fìlà irin kan sí orí ṣímínì, èyí tí òjò àti ẹyẹ kò lè gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Ọwọ́ Kẹ́n ni Bùròdá Láńre ti kọ́ iṣẹ́ ṣímínì títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Òun náà ni mo pè fún Dádì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Ẹ̀rọ ara ògiri tó ń ké bí èéfín gáàsì bá wọlé ńkọ́, ṣé bátìrì ẹ̀ ṣì wà?"

Nígbà tí wọ́n tan iná padà lọ́jọ́ yẹn, tí Kẹ́n sì tún dán an wò tó ní ó ti dára, Mọ́mì nìkan ló kù. Ó jáde láti kíṣìnì pẹ̀lú Tọ́lá ní ìbàdí. Ó dúró níwájú Màámá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó sì gbé ọmọ lé e lórí itan.

"Màámá, ẹ bá mi gbé e. Mo fẹ́ dáná." Ó tún aṣọ ọmọ náà ṣe. "Ẹ má bínú."

Màámá gbóòórùn orí ọmọ náà. 

"Orí ń fọ́ èmi náà o," ó ní.

Dádì gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o ti tan iná. Bí mo bá gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ògiri ni mo máa ń dì mú kí n tó lè wọlé."

"Màámá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Bí mo bá sọ, o ó ní òtútù ni, kí n máa lọ sílé." Ó fi àtàǹpàkò nu itọ́ lẹ́nu Tọ́lá. "Mi ò sì tíì gbé ọmọ yìí tó."

Dádì dìde. Ó gbé àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé e gòkè ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé yàrá, títí ó fi ṣí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èmi ti wà lórí ibùsùn. Mo kẹ̀yìn sí ògiri, mo kọjú sí ibi tí Màámá máa ń sùn sí, mo sì ń dúró dè é.